Ààrò tí Ọmọọba Olúbísí Gbé Wá sí Ajido

Ajido,
Lẹ́bàá Àgbádárìgì.

Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn ilé tí ò ń gùn lójoojúmọ́ bí ẹni ń gun àgbọn. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ dojú dé láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ kò ní jẹ́ kí tìrẹ dojú dé nínú Èkó. Ẹni tó bá fẹ́ kí o padà wálé lọ́wọ́ òfo, ewé ni àwọ̀n rẹ̀ yóò máa kó. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Ewúrẹ́ bí ìbejì, ọ̀kan funfun, ọ̀kan kò tíì pinnu àwọ̀ tó fẹ́. Bàbá rẹ ń fi ọwọ́ tún àwọ̀n ṣe, ó ń bá rédíò rẹ̀ tún ayé ṣe, àwọ̀n nìkan ló sì ń gbọ́ tirẹ̀.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí o rán sí mi, pé nọ́ọ̀sì sọ fún ọ pé bí mo bá tún fi ọdún kan sí i dúró nínú èéfín, n kò ní lè dá ènìyàn mọ̀ lókèèrè mọ́. O ní kí n fi ẹja yíyan sílẹ̀, kí n di ẹrù mi, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ ní Ìkẹjà. O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú ni mo ti ń yan ẹja. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí ni n ó máa yan? Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ kí o tó wá kó mi, nítorí nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ níbí, n kò sì fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ.

Ǹjẹ́ o mọ Ọmọọba Olúbísí? Ó yẹ kí o mọ̀ ọ́n, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Munirah, ọmọ ilé kejì tó máa ń yá mi ní fóònù, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní kì í ṣe dókítà, kì í ṣe olùkọ́, kò sì ní ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n, ó sì mọ iṣẹ́ náà ṣe débi pé mílíọ̀nù méjì ènìyàn ló ń tẹ̀ lé e. Mo béèrè pé níbo ló ń kó wọn lọ. Munirah ní kò kó wọn lọ síbì kankan, wọ́n kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ìyẹn wú mi lórí gan-an. Mósè alára, ó ní ibi tó ń kó àwọn tirẹ̀ lọ.

Bàbá rẹ ní ilẹ̀ tí bàbá ọmọbìnrin náà ń jọba lé lórí kò ju ọjà kan àti kòtò méjì lọ. Ó ní àwọn ọmọ ọba òde òní, inú fóònù ni adé wọn wà. Mo ní ibẹ̀ dára fún adé, òjò kò ní pa á.

Ọjọ́ Sátidé kan ló wá, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn báyìí. Ọkọ̀ ojú omi márùn-ún ló gbéra láti Àgbádárìgì. Ọ̀kan gbé òun fúnra rẹ̀, ọ̀kan gbé aṣọ rẹ̀, ọ̀kan gbé àga àti kánọ́pì, ọ̀kan gbé àwọn oníkámẹ́rà àti jẹnẹrétọ̀, èyí tó kéré jù ló gbé ààrò. Ọmọ mi, irin tó ń dán ni ààrò yìí. Ó ní ilẹ̀kùn bíi ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní pẹpẹ mẹ́fà nínú, ọ̀pá gígùn kan sì wà lórí rẹ̀ tí èéfín ń gbà lọ sókè, kó má baà dé ojú ẹni tó ń yan ẹja. Wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ ńlá kan pé ÀWỌN ÌYÁ KÒ NÍ SUNKÚN MỌ́. Àwòrán Ọmọọba wà lápá ọ̀tún aṣọ náà, àwòrán rẹ̀ mìíràn wà lápá òsì, kí ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé má baà pàdánù.

Bàbá rẹ wo àga tí wọ́n fi aṣọ funfun wọ̀, ó wo kánọ́pì, ó wo omi tútù inú yìnyín, ó ní owó tí wọ́n ná sórí àga nìkan tó ra ààrò fún gbogbo obìnrin Ajido. Mo ní kó rọra. Bí a bá ní kí àlejò jókòó lórí ààrò, ṣé kò ní jóná?

Ọkùnrin kan tó dé fìlà ni olórí àwọn oníkámẹ́rà. N kò mọ orúkọ rẹ̀, Onífìlà ni mò ń pè é. Ó to gbogbo àwa tí a ń yan ẹja, ó ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ra ìṣáná tí kò fẹ́ kó rin. Nígbà tó kàn mí, ojú mi ń ṣomi bó ti máa ń ṣe. Inú rẹ̀ dùn púpọ̀. Ó ní èyí gan-an ni òun ń wá, pé ìyá yìí ń sunkún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó gba aṣọ tí mo fi ń nujú lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má ṣe nu ohunkóhun. Bí mo ṣe di aṣojú Ajido nìyẹn. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù, Munirah kà á sí mi létí pé mo gbà kí wọ́n lo àwòrán mi ní gbogbo orílẹ̀-èdè ayé, títí láé, láìsan kọ́bọ̀. Mo yára fọwọ́ sí i. Èmi tí n kò tíì kọjá Sẹ̀mẹ̀ rí, ẹ wá wo àwòrán mi tó ń rìnrìn àjò láìsan owó ọkọ̀!

Ọmọọba sọ̀rọ̀. Ó ní òun náà mọ ìyà èéfín, torí pé ní ìlú òyìnbó tí òun ti kàwé, wọ́n máa ń sun ẹran níta lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gba ààrò náà lọ́wọ́ rẹ̀, torí oòrùn kò dára nígbà mẹ́ta àkọ́kọ́, mo sì dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bàbá rẹ béèrè lẹ́yìn náà pé níbo ni mẹ́ta yòókù wà. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo sì sọ ọ́ ní èdè Ègùn, pé ààrò náà dára ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ojú ilẹ̀kùn rẹ̀ sí apá mìíràn, torí afẹ́fẹ́ ọ̀sà. Ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n mú wá láti Èkó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Munirah sọ fún mi pé ọ̀gbẹ́ni náà ní mo ti gbàdúrà pé kí Ọmọọba gbó, kó tọ́, kó sì bí ọmọ púpọ̀. Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìwé dára, ọmọ mi. Èmi kò mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ya àwòrán tán, Onífìlà ní kí wọ́n gbé ààrò padà sínú ọkọ̀. Ó ní lọ́la ni wọ́n máa fi ta àwọn ìyá ìlú Kankon lọ́rẹ, tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè wọ́n á fi ta àwọn ti Imeke lọ́rẹ. Ààrò kan náà ni o. Èyí tún jẹ́ kí n yìn wọ́n. Ọ̀pọ̀ olówó ló wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n mọ nǹkan fi tọrẹ. Bàbá rẹ bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ gba àwòrán mi lọ́wọ́ wọn, pé inú rẹ̀ ni n ó ti máa yan ẹja.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ ohun tí ìyá mi fi kọ́ wa. Ààrò tuntun kì í ṣófo lójú àlejò. Bí ẹni tó gbé e wá bá lọ láìjẹ nínú ẹja àkọ́yan rẹ̀, àwọ̀n ilé ẹni náà yóò máa gòkè lófìfo. N kò lè ṣe irú ìyẹn sí ọmọ ọba. Nítorí náà, kí Onífìlà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nígbà tí Ọmọọba ń pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀kẹrin, èmi àti Waliyat tí a jọ ń yan ẹja ti kó èédú sí ààrò, a ti finá sí i, a ti to ọbọ̀kún àti ẹ̀pìyà sí pẹpẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a ti ti ilẹ̀kùn, a sì dúró tì í bí ọmọlúàbí.

Ọkùnrin mẹ́rin ló wá gbé e. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ fọwọ́ kàn án, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ fi í sílẹ̀. Onífìlà pariwo pé kí wọ́n da omi sí i. Waliyat ní ẹni tó bá da omi sí ẹja òun yóò rà á ní tútù, yóò rà á ní gbígbẹ, yóò sì jẹ ẹ́ tán lójú òun tegungun-tegungun. Mo bẹ Onífìlà, mo ṣàlàyé fún un pé ẹja tí a bá yọ lórí iná nígbà tí kò tíì gbẹ, fífọ́ ló máa fọ́, kò sì sí ẹni tí yóò rà á. Ó ní ìgbà wo ni yóò gbẹ. Mo ní bó bá jẹ́ ààrò mi ni, ǹ bá mọ̀. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe èyí. Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tó dáná sínú rẹ̀ rí.

Ibẹ̀ ni Ọmọọba bá wa. Ó ní kí Munirah ṣàlàyé, Munirah sì sọ ọ̀rọ̀ ẹja àkọ́yan fún un. Ó jókòó láti dúró dè é. N kò ní purọ́ fún ọ, kámẹ́rà ló kọ́kọ́ mú un jókòó, torí Onífìlà yí ohùn padà, ó ní kó yí ẹja díẹ̀ kí àwọn tó ń tẹ̀ lé e lè rí i. Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n yà á. Nígbà tó yá, epo jẹnẹrétọ̀ tán, kámẹ́rà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, Onífìlà ṣí fìlà, ó ń fi fẹ́ ara rẹ̀. Mo rò pé ọmọ náà yóò dìde. Kò dìde. Ó bi mí bí mo ṣe ń mọ̀ pé ẹja ti jinná, mo ní kó máa tẹ́tí sí èédú, pé nígbà tí òróró kò bá kán sí i mọ́, ó ti tó. Ó tẹ́tí. Èékánná àlẹ̀mọ́ rẹ̀ kan tó gùn bọ́ sínú iná, ó ní kó máa lọ.

Ìgbà yẹn ni Waliyat wò mí, tó ní Ìyá Rẹ̀mí, ẹ ò tíì nujú láti ìgbà tí a ti ti ilẹ̀kùn yìí. Mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó gbẹ. Mo wo orí ọ̀sà, mo rí àwọn ọ̀pá tí bàbá rẹ rì mọ́lẹ̀ fún àwọ̀n, mo sì ń kà wọ́n, ọ̀pá kan, ọ̀pá méjì, títí dé ìkọkànlá. N kò rí ju mẹ́rin lọ láti ọdún tó kọjá.

Onífìlà rí kámẹ́rà kan tó ṣì lẹ́mìí díẹ̀, ó sáré wá pé kí n sunkún ayọ̀ ìkẹyìn. Mo gbìyànjú. Mo ronú nípa ikú ìyá mi, mo ronú nípa ewúrẹ́ tí ọkọ̀ pa, kò sí omi. Ó ní mo ti ba iṣẹ́ òun jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ohun tí ẹ̀yin náà kọ sára aṣọ ni mò ń tẹ̀ lé.

Ẹja jinná. Ọmọọba mú orí ọbọ̀kún kan, ó jẹ ẹ́ ní gbígbóná, ó lá ìka márààrún, kámẹ́rà kankan kò rí i. Ó wá ní kí wọ́n fi ààrò sílẹ̀. Onífìlà ní kí ni wọ́n máa fi han àwọn ará Kankon lọ́la. Ọmọọba ní kí wọ́n gbé òun lọ, pé òun ṣáà ni wọ́n ń wá wò.

Láti ìgbà náà ni Munirah ti ń fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń bú ọmọ ọlọ́mọ nínú fóònù, pé aṣehàn ni, pé owó àsè rẹ̀ ju ọrẹ rẹ̀ lọ. Mo ní kí Munirah dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kọ́kọ́ kí wọn kú ìrọ̀lẹ́, kó béèrè ilé àti ọmọ, kó tó sọ pé ọmọ náà jẹ orí ẹja láìsí kámẹ́rà. Ó kí ènìyàn mọ́kànlélógójì kí fóònù tó dá a dúró pé ó jọ pé kì í ṣe ènìyàn. Àwọn tó fèsì ní àwọ́n fẹ́ rí fọ́tò rẹ̀. Mo ní kó sọ fún wọn pé ojú mi ló rí i, kò sì ṣomi.

Nítorí náà, má wá kó mi, Rẹ̀mílẹ́kún. Nọ́ọ̀sì yẹ ojú mi wò lọ́jọ́bọ̀, ó ní pupa rẹ̀ ti ń lọ, pé kí n má tún padà sídìí ààrò àtijọ́ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni owó páànù àti irin díẹ̀. Àwọn obìnrin Kankon sọ fún Waliyat lọ́jà pé aṣọ tó ní àwòrán Ọmọọba ni wọ́n fún wọn, pẹ̀lú àwòrán èmi níbi tí mo ti ń gba ààrò. Ojú tiwọn náà ń ṣomi, ó sì ń dùn mí. Wẹ́dà kan láti Àgbádárìgì ti fi okùn wọn tiwa, ó ní bí a bá kó irin wá, òun yóò ṣe irú rẹ̀ fún wọn, yóò sì kọ ojú ilẹ̀kùn sí apá tó yẹ. Àwa obìnrin ibí ti dá owó tiwa. Bàbá rẹ bú wa títí, ó sì ti gbọ́n omi inú ọkọ̀ rẹ̀ kúrò láti fi gbé e lọ sí Kankon.

Orúkọ Ọmọọba Olúbísí ni wẹ́dà yóò kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Bàbá rẹ ní kí ló dé. Mo ní ọmọ náà ti ṣèlérí fún wọn, kò yẹ kí orúkọ ọmọ ọba bàjẹ́ ní Kankon nítorí pé ẹja tèmi kò tètè jinná.

Ọlọ́run yóò fi ojú rere wò ọ́. Wọn kò ní fi ohun tó jẹ́ tìrẹ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ẹni tí yóò ràn ọ́ lọ́wọ́, bí kámẹ́rà bá kú, kò ní dìde. Fi owó náà rán awakọ̀ tó bá gbé lẹ́tà yìí dé, kí o sì jẹun dáadáa.

Èmi ni ìyá rẹ,
Zipporah.