Èmi Ni Ọ̀gá Bàbá Rẹ Báyìí

Adúmáadán ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àbúrò rẹ tó ń gbé lọ́dọ̀ yín. Ṣé ara yín le? Iṣẹ́ ńkọ́? Ibi tí ẹ bá dúró sí ní ìlú ńlá yẹn, ẹsẹ̀ yín kò ní yẹ̀ níbẹ̀. Ilé wà bó ṣe wà. Àwọn adìẹ mi ń yé, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò, ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ sì ni.

O mọ káàdì ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí bàbá rẹ fi ń gba oògùn ọkàn wọn. Lẹ́yìn tí o lọ, wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì, akọ̀wé kan tó wọ awò ojú sọ fún wa pé òfin ti yí padà, pé ẹni tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́ kò ní gba oògùn ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́, kí oníkálukú gbé ẹrù ara rẹ̀. Mo sọ fún un pé káfíńtà ni bàbá rẹ, pé àga tó jókòó lé yẹn lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n látìgbà tí ọkàn ti ń dà wọ́n láàmú, bí wọ́n bá gbé òòlù díẹ̀ báyìí, èémí á fẹ́ẹ̀ tán. Ó ní kí dókítà kọ ọ́ síwèé. A dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ káàdì ṣe kí dókítà tó lè rí wọn. A padà sọ́dọ̀ akọ̀wé, ó ní kí bàbá rẹ ṣáà ní ọ̀gá kan tí yóò jẹ́rìí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Mo ronú títí, mo bá gbà wọ́n síṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ adìẹ mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, lórí àga ẹnu ọ̀nà. Akọ̀wé wò mí, ó wo bàbá rẹ, ó lu òǹtẹ̀. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí dé ilé, wọ́n ń fi ẹ̀yin pè mí, èmi tí wọn kò fi ẹ̀yin pè rí látọjọ́ tí mo ti délé wọn. Èmi ò fi ṣeré o. Mo fún wọn ní igi, mo ní adìẹ kankan kò gbọdọ̀ dé títì.

Àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe pè mí lórí fóònù lóṣù tó kọjá, tó ní ọ́fíìsì ló rán òun. Mo kí i, kò dáhùn. Mo béèrè àwọn òbí rẹ̀, ó kàn ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ, wọn ò kọ́ ọmọ náà nílé. Ó ní bí òṣìṣẹ́ mi bá ń ṣiṣẹ́, kí n tẹ oókan, bí kò bá ṣiṣẹ́, kí n tẹ eéjì. O mọ̀ pé n kì í parọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bàbá rẹ ṣọ́ adìẹ dáadáa, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án wọ́n sùn, wọ́n ń hanrun, adìẹ sì bọ́ sí títì. Mo tẹ oókan fún àárọ̀, mo tẹ eéjì fún ọ̀sán. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, inú mi sì dùn pé mo ṣe ojúṣe mi.

Nígbà tí a dé ojú fèrèsé tí a ti ń gba oògùn, wọ́n ki káàdì bọ ẹ̀rọ, iná pupa tàn. Wọ́n ní wọ́n ti ti káàdì náà pa, pé ọ̀gá bàbá rẹ ló sọ pé wọn kì í ṣiṣẹ́. Bàbá rẹ kò wò mí. Wọ́n kàn di ọwọ́ mi mú, a rìn kúrò níbẹ̀.

Mo ti ń pe ọmọbìnrin yẹn látìgbà náà kí n lè bẹ̀ ẹ́, kò gbé e. Oògùn tó kù kò lè kọjá ọ̀sẹ̀ yìí. Lánàá tí mo ń gbọn ibùsùn, mo rí ìlàjì ìlàjì oògùn lábẹ́ ìrọ̀rí. Bàbá rẹ ti ń ṣẹ́ ẹ sí méjì láìsọ fún mi, kó lè pẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo sunkún.

Láàárọ̀ yìí wọ́n tún jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igi wọn. Mo ní kí wọ́n lọ dùbúlẹ̀, wọ́n ní bí ọmọbìnrin yẹn bá tún pè ńkọ́. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n rọra pè mí, wọ́n ní ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé ẹ lè yọ̀ǹda òun kí òun sinmi díẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́, mo wo ojú wọn, wọn ò rẹ́rìn-ín.

Jọ̀ọ́ ọmọ mi, wá owó oògùn fún wa, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ sórí fóònù, nítorí inú ibẹ̀ ni ọmọbìnrin yẹn wà. Mú un wá fúnra rẹ, kí o bá wa dé ọ́fíìsì, kí o sì gba iṣẹ́ ọ̀gá yìí lọ́wọ́ mi. N kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ. Ọjọ́ kò ní dé tí wàá máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí o tó sinmi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.