Ṣègede Tí Mo Fi Ṣẹ̀fẹ̀

Ìyàwó mi,

Ara mi le. Eyín mẹ́ta tó kù ṣì ń fọ́ egungun. Mo tẹ̀lé ọkọ rẹ lọ gba èsì àyẹ̀wò àtọ̀ rẹ̀. Dókítà ní kò lè dọmọ, ó wá bi í bóyá ṣègede ti ṣe é rí. Ọkọ rẹ wò mí, ó ní òun ò rántí. Ó ń bò mí láṣìírí ni. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti kórópọ̀n rẹ̀ wú; dípò kí n gbé e lọ ilé ìwòsàn, mo sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rù, mo ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún méje ni mo sì ti ń fi "Bá mi kí ikùn rẹ tó ń sùn" parí lẹ́tà sí ọ. Má bínú, ọmọ mi. Lónìí, ìwọ nìkan ni mo kí.

Bàbá ọkọ rẹ tó fẹnu kọ.