Àwọ̀ Aṣọ Mi Nìkan Ló Ń Rí

Bàbá mi, ẹni bí ọkàn mi,

Mo ní láti bá yín sọ̀rọ̀, torí mi ò tíì rí ẹni tí mo lè sọ gbogbo rẹ̀ fún. Morẹ́nikẹ́, ọmọ mi tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin nígbà tí ẹ papò dà, ti pé mẹ́wàá. Díẹ̀ ló kù ká pàdánù rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ní títì Ìdímù.

Mo lọ pàdé rẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde nílé ìwé. Ó wà ní òdì kejì títì. Mo na ọwọ́ sókè pé kó dúró, torí típà tó kó yanrìn kan ń bọ̀. Àfi bíi pé mo ní kó máa bọ̀ ni, ó bá bọ́ sójú títì. Bàbá, mi ò mọ̀ pé irú igbe tí mo ké yẹn wà nínú mi. Kí típà náà tó lè dúró, ẹyọ bàtà kan tó yọ lẹ́sẹ̀ ọmọ náà ti wà lábẹ́ táyà.

Kàkà kí n gbá a mọ́ra, àbàrá ni mo fún un, lójú gbogbo èèyàn. Kò sunkún. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò rí ọwọ́ yín. Àwọ̀ aṣọ yín nìkan ni mo ń rí."

Ṣé ẹ mọ̀ pé ó ti tó ọdún kan tí tíṣà rẹ̀ ti ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn mí, pé kì í kọ ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù bó ṣe yẹ? Mo ní ọ̀lẹ ni. Mo nà án.

A lọ bá dókítà ojú n'Ìkẹjà, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan. Ó ní ohun tó bá wà lọ́nà jíjìn ni Morẹ́nikẹ́ kì í rí. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn àgbà ló máa ń wá jù, àmọ́ ọmọ ilé ìwé ló ń kún orí bẹ́ǹṣì òun báyìí. Ó bi mí bó ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀. Mo sọ òótọ́: tó bá ti dé láti ilé ìwé, mo máa ń tilẹ̀kùn mọ́ òun àti ìwé rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí ìdánwò tó máa gbé e wọ girama. Kò bá mi wí. Ó kàn ní ìwé tó ń sún mọ́ ojú jù lè dá kún un, kí n máa jẹ́ kó jáde síta, kó máa wo ọ̀ọ́kán. Ó tún bi mí bóyá ẹnì kan nírú ojú yẹn nínú ẹbí.

Mo ti ń sọ pé kò sí kí n tó rántí yín. Ìwé ìròyìn tí ẹ máa ń gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú. Bí ẹ ṣe máa ń dúró kí èèyàn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó pe orúkọ rẹ̀. Mo wá rántí ọjọ́ tí mo gba ẹ̀bùn nílé ìwé, tí mo ń juwọ́ sí yín ní Ẹgbẹ́dá níṣojú àwọn ọ̀rẹ́ mi, tí ẹ kọjá lọ bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Mo rò pé mo ń tì yín lójú ni. Odindi ọdún méjì ni mo fi ń dá yín lóhùn ṣákálá. Ṣé ẹ rí mi lọ́jọ́ yẹn, Bàbá? Kí ló dé tí mi ò bi yín?

Ọkọ mi ò fẹ́ awò ojú fún ọmọ náà. Ó ní ó máa tún ojú ẹ̀ bà jẹ́ sí i, pé ta ló máa fẹ́ ọmọbìnrin tó ń lo awò. Mo ní, "Tí ẹ bá fẹ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó máa lò ó." Kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

A gba awò náà lọ́jọ́ Ẹtì. Nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo àkọlé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń kà sókè títí a fi dé Ìdímù, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú. Mo kọjú sí fèrèsé kó má bàa rí omijé mi, torí ó ti lè rí i báyìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fi áńkáṣíìfù nu awò náà fún un. Kò wojú mi. Ó ní òun fúnra òun ló máa mú àbúrò rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́bọ̀, torí òun ti ń ṣọ́ bó ṣe ń sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ẹ ti lọ ká tó bí i. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá, àmọ́ àwa méjèèjì ló ń bà báyìí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.