Ọ̀nà Etí Odò sí Afárá Rélùwéè Àtijọ́

Ayọ̀bọ̀, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, oṣù Kejì, 1988

Ọ̀la ni màá mú kíláàsì wa gun kẹ̀kẹ́ gba etí odò lọ wo afárá àtijọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kò gbà mọ́. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo nawọ́ sókè, tíṣà sì gbà. Bí ọ̀nà yẹn kò bá ṣeé gbà, mi ò mọ ibi tí màá fojú sí.

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Ìkòkò ẹ̀gẹ́ tí ìyá oní-fùfú kan rẹ sílẹ̀ ti gba ojú ọ̀nà. Nígbà tí mo sọ ibi tí kíláàsì wa ń lọ lọ́la fún un, ó ní kẹ̀kẹ́ kankan kò ní kọjá níbẹ̀, wọn á da iṣẹ́ òun nù.

“Irin tó ti dípẹtà lẹ fẹ́ lọ wò? Ṣé kò sí irin nílé yín ni?”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, màmá, mo ti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.”

“Dìde jàre. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, kó gbé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lérí.”

Mo gbé e lérí níṣojú ẹ̀, mo kọjá. Ewéko ti bo afárá náà, àmọ́ ẹ̀gà kọ́lé sábẹ́ irin rẹ̀, bíríkì rẹ̀ sì pupa bíi pé àná ni wọ́n mọ ọ́n. Ó yẹ kí wọ́n rí i.

Túndé, ọmọ kíláàsì wa tó ń pè mí ní ará òkè, á rẹ́rìn-ín lọ́la. Kó máa rín in. Èmi ni màá kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ lérí, òun ló máa tẹ̀ lé mi.