Ìràwọ̀ Inú Ìwé Oúnjẹ Adédiwúrà

Abà Ìdí-Ọsàn, lọ́nà Ìṣarà,
Ọjọ́ Ajé, nínú oṣù kẹjọ, ọdún 2006.

Adédiwúrà ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ooru Ìkòsí ńkọ́? Mo kí ọ, mo tún ọ kí lórúkọ gbogbo ará ilé, àwọn tó ní kí n kí ọ àti àwọn tí kò rántí. Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó àlàáfíà, kí ó má bá ọ lórí ibùsùn àìsàn, kí ó má sì bá ọ níbi tí o ti ń sá fún tẹlifóònù. Ṣọlá aránṣọ ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti sọ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má gé e bí ẹni gé aṣọ, nítorí ó ti fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ tẹlifóònù yẹn kúrò, ó ní ó le jù fún ìkíni.

Àlàáfíà la wà níbí. Òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, ẹ̀gẹ́ ti fìdí múlẹ̀, Elkanah àbúrò mi sì ti gba eyín tuntun lọ́dọ̀ dókítà ní Ṣágámù, ṣùgbọ́n kì í fi jẹun, ó ní òun fẹ́ kó pẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń fi í sẹ́nu, tí a bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì á máa rẹ́rìn-ín títí ìwàásù á fi parí, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ iná ọ̀run ni pásítọ̀ ń sọ.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé nìyí. Kúnbi tó ni ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ wálé ní Sátidé, ó sì yà kí mi. Ó ní láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ, Àǹtí Súmbọ̀ tó máa ń pè ọ́ láti ọsibítù Gbàgádà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ti pè lẹ́ẹ̀mejì, o kò gbé e. Ó ní òfin wọn ni pé ẹni tó bá pa ìpè mẹ́ta jẹ, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀, nítorí àwọn tó ń dúró pọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni yóò pé mẹ́ta. Mo bi í pé kí ló dé tí o kò gbé e. Ó wolẹ̀. Ó ní, Baba, ojú ń tì í nítorí yín.

Èmi! Èmi tí mo ru ewùrà méje kọjá lórí afárá Kẹ́tú, lẹ́yìn tí àwọn ará Mile 12 ti ń ná an lórí mi bí ẹni pé tiwọn ni mo gbé wá, tí mo sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án dáná fún ọ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín!

Jẹ́ kí n wí tẹnu mi. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo rí ìwé rẹ lórí tábìlì, èyí tí o fi rúlà fà sí ilà-ilà. O ní gbogbo ohun tó bá kan ẹnu rẹ lo ń kọ síbẹ̀, àti àkókò, àti ibi tí o ti jẹ ẹ́, àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Mo ní irú kí lèyí, nílé wa ẹni tó bá ń ka òkèlè mọ́ni lọ́wọ́, ọ̀tá ni. O ní ìtọ́jú ni, pé ìwọ fúnra rẹ lo ń tọ́jú ara rẹ pẹ̀lú ìwé ìtọ́ni kan, Àǹtí Súmbọ̀ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Mo lọ bó ewùrà mi, kì í ṣe pé mo gbà. Ẹni tó jẹ́ aláìsàn tó tún jẹ́ dókítà, ta ni yóò gún un lábẹ́rẹ́?

Ṣùgbọ́n mo rí ìràwọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oúnjẹ kan, o ya ìràwọ̀ kékeré. Inú mi dùn, nítorí n kò mọ̀wé ṣùgbọ́n mo mọ ìràwọ̀: ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ tó bá ka ẹsẹ Bíbélì láìṣìnà ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ rẹ̀ lára ògiri. Ìwọ ní kékeré, méjì péré lo gbà lọ́dún kan. Mo wá ń ṣọ́ ibi tí ìràwọ̀ ti ń jáde. Mo rí i pé tí mo bá dín ọ̀jọ̀jọ̀, tí mo bò ó sínú abọ́, tí mo sì jáde lọ ṣeré, kí n tó dé abọ́ á ti gbẹ, ìràwọ̀ á sì ti yọ nínú ìwé. Ni mo bá múra sí i. Mo dín in láàárọ̀, mo dín in lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ Sátidé nìkan o gba mẹ́rin. Mo sọ fún lándílọ́ọ̀dù, mo sọ fún ọlọ́dẹ tó wà ní géètì, mo sọ fún Kúnbi àti gbogbo oníbàárà tó bá mi níbẹ̀ pé ọmọ mi ń gbégbá orókè.

Ọjọ́bọ̀ dé, o wà ní balùwẹ̀, tẹlifóònù dún. Mo ṣí fìlà, nítorí ẹni tí n kò rí lè jẹ́ àgbà, mo sì gbé e. Obìnrin náà kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo ní èmi ni bàbá rẹ̀, èmi náà ni mò ń dáná, ìràwọ̀ mọ́kànlá la kó lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n tètè máa gbé ìwé ẹ̀rí bọ̀. Ó ní mọ́kànlá kẹ̀? Mo ní àbí ó kéré ni? Mo ní bó bá jẹ́ àìsí oúnjẹ nílé yín lẹ fi ń béèrè ohun tí ọmọ ọlọ́mọ jẹ, ẹ máa bọ̀, ọ̀jọ̀jọ̀ ṣì kù. Ìgbà náà lo jáde tòun tọṣẹ létí. O gba fóònù, o pa á. O kò bú mi. O kàn wọ yàrá, o sì ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé o lọ wọṣọ ni.

Kúnbi ló là mí lójú. Ó ní ibi tí oúnjẹ bá ti borí rẹ lo ń ya ìràwọ̀ sí. Ó ní wàá máa jẹ, ikùn á ti kún, ọwọ́ kò ní dúró, tó bá tán wàá jókòó wàá máa bú ara rẹ, lọ́jọ́ kejì wàá fi ebi pa ara rẹ di ìrọ̀lẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìtọ́ni náà ló ní kí o máa jẹun lásìkò lẹ́ẹ̀mẹta, kí o sì máa jẹ ìpanu díẹ̀ láàárín, kí ebi má ráyè mú ọ lẹ́rú. Ó ní kí n tó dé, ìràwọ̀ ti dín kù sí ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Ẹyọ kan! Èmi ni mo sọ ọ́ di mọ́kànlá.

Mo bá Kúnbi jà o. Mo ní ọmọ àgbẹ̀ ni mí, bàbá mi kò kọ́ mi pé oúnjẹ máa ń di àìsàn. N kò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, n kò sì ní tọrọ lọ́wọ́ ìwọ náà, bàbá kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ. Àmọ́ lánàá, mo so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ láàárọ̀ kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí okùn já nírọ̀lẹ́, kò wo ẹ̀gẹ́, kò wo ewé iṣu, ó jẹ aṣọ Elkanah tó wà lórí okùn. Mo gbé pàṣán láti nà án, mo sì rántí ẹni tó so ó mọ́lẹ̀. Mo jókòó tì í, ó pẹ́ díẹ̀.

Ṣọlá, kọ èyí dáadáa. Adédiwúrà, lọ́dún tí Keziah ìyá rẹ kú, nígbà tí gbogbo èrò ti lọ tán, mo máa ń sun iṣu lóko, mẹ́ta, mẹ́rin, èmi nìkan, láìsí epo, láìsí iyọ̀. Màá jẹ ẹ́ títí n kò fi ní lè bẹ̀rẹ̀ roko mọ́. Màá ri èèpo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí mo bá délé, ìwọ ọmọ ọdún mẹ́tàlá á ti se oúnjẹ dè mí, màá tún jẹ ẹ́ tán kí o má bàa fura. Mo pè é ní ebi. Àwọn ará abà ní Baba lọ́kàn akin, ẹ wò ó bó ṣe ń jẹun. Kò sí ẹni tó bi mí ní ohun tó wà lọ́kàn mi, bí ìwé rẹ ṣe ń bi ọ́. Ṣọlá ti dá bírò dúró, ó ń wò mí.

Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin, gbé fóònù. Sọ fún Àǹtí Súmbọ̀ pé bàbá rẹ ló ya ìràwọ̀ mẹ́wàá nínú mọ́kànlá, kí ó kọ ọ́ sí orúkọ mi. Bi í pẹ̀lú bóyá àgbà tí kò mọ̀wé lè ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, èmi kọ́ ló ń béèrè, ọ̀rẹ́ mi kan ni. N kò ní fi ewùrà ránṣẹ́ mọ́ àfi tí o bá sọ iye tí o fẹ́.

Kúnbi tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ lónìí ti yá mi lówó díẹ̀, bá mi san án fún un, nítorí obìnrin tó ń ta ìpè lábẹ́ agbòòrùn ní ìkóríta kì í ta àwìn. Mo fẹ́ pè ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Má gbé tèmi o. Tí obìnrin tó ń gbé inú fóònù bá dá mi lóhùn pé o ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, màá sì máa lọ sóko mi.

Ọlọ́run á bá ọ jókòó nídìí abọ́. Wàá jẹun, oúnjẹ kò ní jẹ ọ́. Ojú kò ní tì ọ́ lójú ẹni tó fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Olújìmí. Àtàǹpàkò mi ni mo tẹ̀ síbí yìí.