Fóòmù Onípele Mẹ́ta Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà

Kyong-ran ọmọ mi, ó di ogójì ọjọ́ lónìí tí o ti padà sí Seoul lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun kí o tó lọ síbi iṣẹ́? Kí àwọn tó ti lọ ṣáájú wa máa ṣọ́ ọ, kí òtútù ibẹ̀ má wọ̀ ọ́ lára.

Fóòmù rẹ dé. Nígbà tí mo tú u tí mo rí mẹ́ta nínú rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún, mo rò pé ọ̀kan fún ìyá àgbà, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún bàbá rẹ, mo ní ọmọ mi ti gbàgbé pé a ti sin ín. Ìyá Pan-seok tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ló sọ fún mi pé àpò kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, pé oje igi rọ́bà ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ọ̀kan le, ọ̀kan rọ̀, ọ̀kan wà láàárín, olúkúlùkù ló ń tò ó bó ṣe bá a lára mu. Mo pe ilé ìtajà tí o ti rà á kí wọ́n sọ èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ fún mi. Obìnrin kan ní kí n tẹ nọ́mbà. Mo kí i, mo ròyìn ikú bàbá rẹ fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò tilẹ̀ kí mi kú ìrọ́jú, ó tún ní kí n tẹ nọ́mbà. Mi ò mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ obìnrin náà.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì gba ìdúró. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé ti rí ibi tó pọ́n ní ìbàdí ìyá àgbà nítorí dídùbúlẹ̀ ṣáá, ó ní bó bá di egbò kí òun tó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, òun á ní kí wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó nílùú. Ìyá àgbà ní bí àwọn bá fi lè jáde nílé yìí, òkú àwọn ni yóò padà.

Ìyá àgbà ní kí n fi èyí tó le sókè, pé nǹkan rírọ̀ wà fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ibi pípọ́n náà ti fẹ̀ sí i. Ìyá Pan-seok dùbúlẹ̀ lé e wò, ó bi mí pé ṣé fóòmù ni mo tẹ́ fún ìyá ọkọ mi àbí pákó, ṣé mo fẹ́ bó ìyá náà láwọ ni. A tú àpò, a fi líle sísàlẹ̀, a fi rírọ̀ sókè. Ìyá àgbà ní àwọn ń rì, ooru iná tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ yàrá wá kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn mọ́. Òtútù mú wọn tí eyín wọn ń gbá ara wọn, ni mo bá ki ẹní tí iná mànàmáná ń mú gbóná bọ inú àpò, mo tẹ́ ẹ sórí èyí tó le.

Ìdí àwo tí mo ń fọ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ òórùn bí ìgbà tí wọ́n ń sun bàtà. Mo sáré wọlé, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wọ́ wọn kúrò lórí rẹ̀. Èyí tó le ti dúdú bí ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Ìyá àgbà ní bí mo bá fẹ́ sun àwọn, kí n dúró kí àwọn kú ná.

Mo ju líle nù, mo fi èyí tó wà láàárín sísàlẹ̀, mo fi rírọ̀ lé e. Ní ti òtútù, èmi fúnra mi ló ń sùn tì wọ́n, ẹ̀yìn mi mọ́ ẹ̀yìn wọn, mo sì ń yí wọn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Wọ́n ní àṣé ìyàwó tó gbóná bí ààrò ni ọmọ àwọn fẹ́, kò sì sọ fáwọn. Lẹ́yìn náà wọ́n sunkún, èmi náà sunkún.

Nọ́ọ̀sì dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó ní pípọ́n náà ti ń rọlẹ̀, kí wọ́n ṣì máa gbélé ná, òun á tún wá wò ó.

Bí owó bá wọlé, jọ̀wọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo tí a fi ń mú ilé gbóná. Má fi sí báńkì o, ẹ̀rọ ibẹ̀ kò mọ̀ mí, bàbá rẹ nìkan ló mọ̀. Wàá dàgbà, wàá dogbó, wàá rí ẹni tí yóò tẹ́ ibùsùn fún ọ. Má da ara rẹ láàmú nítorí ìyá àgbà. Èmi ìyá rẹ yóò máa yí wọn, lọ́sàn-án àti lóru.