Àwòrán Ilẹ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì

Dádì mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kóòtù Woolwich nílùú òyìnbó níbí, tí mo ti ń ṣe klíínà, wọ́n fẹ́ tì í pa. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń kó fáìlì sínú páálí, wọ́n ń kó wọn lọ sí kóòtù mìíràn. Ilẹ̀ ni mo wá gbá, àmọ́ ṣe ni mo dúró tì wọ́n, tí mò ń ka páálí. Ẹ̀yin lẹ kó o ràn mí. Ta ló tún ń lá àtàǹpàkò kó tó yẹ rìsíìtì súpámákẹ́ẹ̀tì wò, bí ẹni pé ẹjọ́ ìpànìyàn ni?

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún yín rí. Ẹ rántí ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí òfin tuntun ní kí gbogbo ẹjọ́ ilẹ̀ kúrò ní kóòtù àtijọ́ lọ sí tuntun? Ẹ̀yin akọ̀wé kóòtù lẹ ń to fáìlì, ẹ tilẹ̀ ń gbé òmíràn wá sílé. Àfi bí àwòrán tí wọ́n yà fún ẹjọ́ ilẹ̀ Ìyá Oníbúrẹ́dì àdúgbò wa ṣe dàwátì. Ẹjọ́ obìnrin náà dúró gbagidi.

Dádì, èmi ni. Tíṣà ti nà mí torí pé mi ò bo ìwé ìṣirò mi. Mo rí pépà ńlá tó nípọn lórí tábìlì yín, mo fi bò ó. Nígbà tó yá, mi ò rí ìwé náà mọ́, mo rò pé mo sọ ọ́ nù ni. Wọ́n fún yín ní kúérì, wọ́n gbé yín lọ sí ìgbèríko fún ọdún mẹ́ta gbáko. Mo dákẹ́, títí Ọlọ́run fi pè yín nínú ilé mi ní Thamesmead níbí. Ojú ń tì mí.

Lánàá mo ṣí àpótí yín, kí n lè kó sùtánà yín fún ṣọ́ọ̀ṣì. Háà! Ìwé ìṣirò mi ló wà lábẹ́ rẹ̀, láìsí èèpo. Ẹ̀dà lẹ́tà yín sí kóòtù tuntun wà láàárín rẹ̀. Ẹ dá àwòrán náà padà, ẹ sì gba gbogbo ẹ̀bi. Mo wá orúkọ mi nínú lẹ́tà náà títí, mi ò rí i.

Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ṣé ó wá yẹ kí ẹ̀yin fúnra yín lọ bá ẹkùn? Kí ló dé tí ẹ ò tiẹ̀ bá mi wí?

Lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ sí ìgbèríko yẹn, kàlẹ́ńdà àtijọ́ mẹ́ta lẹ kó lé mi lọ́wọ́, kí n fi bo ìwé mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí rẹ̀ ni.

Èmi ọmọ yín tí ẹ bò láṣìírí.